Òrí Inú Ọkọ̀ Mẹ́tìrì

Ní Bantè, bí ọkọ̀ bá ń ké tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí igbe náà ti ń wá, Wassiou ni wọ́n máa ń gbé e lọ bá. Kì í ṣe pé kò sí mẹkáníìkì mìíràn. Wọ́n tó mẹ́fà láàárín ọjà àti ọ́fíìsì kọmúùnù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n mọ táyà, wọ́n mọ búréèkì, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ariwo, wọn á nu ọwọ́, wọn á ní, "Ẹ máa gbé e lọ bá Bàbá Awaou lábẹ́ igi dógóyárò." Awaou ni àkọ́bí Wassiou. Bàbá Awaou á bọ́ fìlà, á mú omorogùn gbọọrọ kan, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, á fi orí kan rẹ̀ ti ara irin, á fi ìkejì ti etí, á pa ojú dé. Tó bá yá, á la ojú, á ní, "Bíárìn iwájú ti jẹ." Tàbí kó ní, "Ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn. Ìkòkò kan ń yí kiri nínú búùtù, ẹ lọ gbé e sọ̀kalẹ̀."

Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Ó sanra díẹ̀ fún ẹni tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ jẹun, ó fẹ́ràn àwàdà, ó sì fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ yẹn gan-an ló fẹ́ pa á lọ́dún yìí.

Ẹnì kan ló fún un lórúkọ ọ̀hún. Mẹ́tìrì Ilyas ni, ará Tchetti. Mẹ́tìrì là ń pe olùkọ́ níhìn-ín, ti Ilyas sì ti di orúkọ mọ́ ọn lára, torí ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ agbègbè Savalou ní ìwé. Ìdajì àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì lónìí ló ti jẹ pàṣán rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Mẹ́tìrì ra ọkọ̀ kan tí Wassiou ti fọwọ́ kàn, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń polówó ọmọkùnrin yìí káàkiri. "Ẹ lọ bá Wassiou ní Bantè. Ó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kò ké mọ́ láyé." Ta ló fẹ́ bá Mẹ́tìrì jiyàn? Ẹni tí wọ́n ti nà lẹ́gba rí kì í jiyàn. Bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé fún Wassiou nìyẹn, láti Tchetti, láti Gouka, àní láti Savalou tí mẹkáníìkì pọ̀ bí eéṣú.

Ohun tí ẹnì kan ò mọ̀ ni pé ìgbàkígbà tí Wassiou bá gbọ́ ìyìn náà, á yára wọ abẹ́ ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù keje, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ akérò kan nígbà tó gbọ́ ohùn kan tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà ńlá. Ó ń hu, ó ń hu, ó sì ń sún mọ́ tòsí. Wassiou ò nílò omorogùn láti mọ ọkọ̀ wo ni. Ó dúró sábẹ́ ọkọ̀ akérò fún ìgbà díẹ̀ sí i, kì í ṣe torí iṣẹ́.

Ọkọ̀ Mẹ́tìrì ni lóòótọ́. Ọkọ̀ ìsáré kékeré, pupa, ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, ìdí kúkúrú, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fi ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi láyé àtijọ́. Òyìnbó kan tó wá gbẹ́ kànga ló gbé e wá sí agbègbè wa tó sì tà á kí ó tó lọ. Rachidath ló ń wà á. Ọmọ Mẹ́tìrì ni, agbẹ̀bí ni ní Parakou, ó sì gba ìsinmi wá sílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Awaou."

"Káàbọ̀, Rachidath. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa." Ó fọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀. "Ẹ gbọ́ igbe rẹ̀ báyìí? Bí àgbò tó gbọ́ pé ọdún ku ọ̀la ló ń ṣe. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, tí ọdún iṣu bá bẹ̀rẹ̀ ní Savalou, àwọn tí Bàbá kọ́ nílé ìwé fẹ́ péjọ yẹ́ wọn sí. Wọ́n ti ya gbọ̀ngàn sílẹ̀. Bàbá ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ, àfi èyí. Wọ́n tún ní ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ tún un ṣe, àfi ẹ̀yin."

Wassiou rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó ní kí Rachidath máa wà á lọ lọ́nà Gouka. Jíà kìíní, ọkọ̀ hu. Ìkejì, ó hu. Ìkẹta, bákan náà. Nígbà tó wọ ìkẹrin, níbi tí bùwátì, ìyẹn àpótí tí jíà wà nínú rẹ̀, kì í ti í ṣe làálàá kankan, ohùn ọ̀hún ò dín rárá. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná," ó wí, igbe náà yí ohùn padà. "Tẹ̀ ẹ́." Ó padà sí bó ṣe wà. "Tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, yọ jíà, jẹ́ kó máa sáré lọ fúnra rẹ̀." Ọkọ̀ ń yọ̀ lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, igbe ò dáwọ́ dúró.

Mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì mọ ìtumọ̀ èyí. Bó bá jẹ́ bùwátì ló ń ké, ohùn rẹ̀ á máa yí bí jíà bá ṣe ń yí. Èyí tí ò ka jíà sí, tó jẹ́ pé eré ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ̀yìn ló ti ń wá, nínú pọ́ọ̀n, ìyẹn ikùn irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó ń pín agbára fún wọn. Eyín irin méjì ló ń bu ara wọn jẹ nínú ibẹ̀.

"Bùwátì ni," Wassiou wí.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó lè gbọ́ ìkòkò nínú búùtù, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ máa pa làpálàpá. Ìdí sì wà.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Wassiou ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Sípánà márùn-ún ló ní, kò ní oníbàárà kankan. Láwàl tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta epo bẹntiróò ní Bantè nígbà náà, ló ra ọkọ̀ pupa yẹn lọ́wọ́ òyìnbó oníkànga, ọkọ̀ sì ń hu bí ó ṣe ń hu yìí. Láwàl pe Wassiou sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, olùkọ́ kan ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Má tún un ṣe. Ṣáà jẹ́ kó dákẹ́."

Ọgbọ́n àwọn mẹkáníìkì oníjìbìtì pọ̀ fún irú èyí, ṣùgbọ́n Wassiou fi ti ilẹ̀ wa kún un. Ó lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ Nimatou ní Gouka, ìdílé wọn ló ń ṣe òrí tó dára jù ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Ó ní orúnkún ń dun ìyá òun. Ọmọbìnrin náà, ojú àánú, bu òrí kún igbá ńlá fún un. Wassiou tú ìdérí pọ́ọ̀n, ó ki òrí náà bọ̀ ọ́ títí ó fi kún dé ọrùn. Àsìkò ọyẹ́ ni. Mẹ́tìrì dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, òrí ti dì gbagidi mọ́ eyín irin lára, wọ́n wa ọkọ̀ náà yí ká ìlú, kò dún pínkín. Mẹ́tìrì sanwó, ó bọ Wassiou lọ́wọ́, ó gbé ọkọ̀ lọ. Wassiou ń retí pé tí oòrùn bá mú, òrí á yọ́, ọkọ̀ á ké, Mẹ́tìrì á padà wá pẹ̀lú ọlọ́pàá. Kò padà wá. Ìyìn ló ń rán wá.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ pupa bá wá fún iṣẹ́, iwájú rẹ̀ nìkan ni Wassiou ń tọ́jú. Kò sún mọ́ ìdí rẹ̀ rí. Mẹ́tìrì pẹ̀lú kò bi í rí.

Ó tú bùwátì palẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ó pààrọ̀ bíárìn méjì tí wọn ò ṣe é ní nǹkan kan, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó sì pe Rachidath ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí ó wá gbé e. Ẹ kíyè sí aago yẹn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù nini. Ọkọ̀ jáde láìdún.

"Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é, Bàbá Awaou!" Rachidath ń ju ọwọ́ láti ojú fèrèsé.

Kò pé wákàtí mẹ́rin tó padà. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

"Ó dákẹ́ títí mo fi kí àwọn ará Gouka tán," ó wí. "Bí oòrùn ṣe yọ, ó bẹ̀rẹ̀." Ó wo mẹkáníìkì náà tàánú-tàánú, gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí ṣe ń wo baba ọmọ tó ń gbọ̀n. "Bàbá Awaou, ẹ má bínú o. Àbí etí yín ti ń dàgbà ni? Mo mọ dókítà kan ní Parakou tó ń wo etí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wassiou lára ju ìfọ́tí olóòyì lọ. Lójú rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì mẹ́fà tó wà lọ́jà ti ń gbọ́ ọ: Wassiou ò gbọ́ràn mọ́. Ó ní kí Rachidath fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló gbé jáàkì sábẹ́ ìdí ọkọ̀, tó sì tú ìdérí pọ́ọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ohun tó ṣàn jáde sínú garawa kì í ṣe ọ́ìlì dúdú. Ó funfun, ó pọ́n díẹ̀, ó ń yọ́ bọ̀ wẹ́rẹ́, òórùn tí gbogbo ọmọ Gouka mọ̀ láti ìkókó ló gba gbogbo abẹ́ igi. Ìgbà yẹn gan-an ni Nimatou gbé oúnjẹ ọ̀sán dé.

Nimatou ti di Ìyá Awaou báyìí, òrí ló ṣì ń tà, imú rẹ̀ kò sì ṣe é fi nǹkan pa mọ́ fún. Ó gbé àwo kalẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ohun tó wà nínú garawa, ó fi ìka méjì ra á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Òrí nìyí."

"Ọ́ìlì àtijọ́ ni," Wassiou wí.

"Bàbá Awaou, mo ní òrí nìyí. Òrí ọdún yìí sì ni. Kò tíì kan rárá."

"Kò lè jẹ́ ọdún yìí! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀!"

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò ṣe é kó jọ mọ́. Nimatou dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń fi ojú inú ka ọdún padà sẹ́yìn. Wassiou rí ibi tí ojú inú yẹn dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá fìlà rẹ̀.

"Orúnkún ìyá yín," Nimatou wí pẹ̀lẹ́.

"Ìyá Awaou, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Igbá ńlá! Mo bu òrí tí mo fẹ́ fi ra ìró fún orúnkún ìyá yín! Mo wá ń bi wọ́n lọ́dọọdún pé, 'Ìyá, orúnkún ńkọ́?' Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé! Títí wọ́n fi kú ni wọ́n rò pé ọmọ àwọn fẹ́ aláìlórí!" Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló gbé e, ó jókòó lórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Wassiou bá a rẹ́rìn-ín, ìtura bá a, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Láwàl, ọyẹ́, ìrun àsùbáà, ìyìn.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà.

"Mẹ́tìrì mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Ẹ máa sọ fún wọn."

"Ìyá Awaou, ronú sí i. Ìyìn wọn ni gbogbo ìlú ń gbọ́ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé jìbìtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ta ló máa fi ọkọ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Kí ni mo fẹ́ jẹ́ ní Bantè?"

"Ẹ óò jẹ́ Bàbá Awaou," Nimatou wí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tiyín ti fi mọ́kànlá lé e, ẹ ò rí i pé ó ti rẹ òtítọ́ náà?" Ó gbé àwo fún un, ó ń lọ. Ó yíjú padà. "Omorogùn mi tí mo rí lórí àpótí irinṣẹ́ yẹn, a máa sọ tìyẹn náà tí mo bá kúrò nínú ìpayà."

Ohun kan ṣoṣo ló ń da Wassiou láàmú. Báwo ni òrí ìgbà yẹn ṣe lè jẹ́ òrí ọdún yìí? Imú Nimatou kì í ṣìṣe. Ó rò ó títí, ó gbà pé Ọlọ́run ló pa á mọ́ láìkan láti fi ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí òun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn kì í ro nǹkan kékeré.

Iṣẹ́ tó ṣe lórí pọ́ọ̀n yẹn, irú rẹ̀ ni kò tíì ṣe rí. Ó fọ eyín irin méjèèjì títí wọ́n fi ń dán. Wọ́n ò tíì bàjẹ́, wọn ò kàn pàdé dáadáa ni: ìkan ń fi ìkángun jẹ, ìkejì ń fi àárín jẹ. Ó po erùpẹ̀ pupa tó kúnná mọ́ ọ́ìlì, ó fi kun eyín ńlá, ó fọwọ́ yí i, ó wo ibi tí pupa náà ti nù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Lẹ́yìn náà, ó gé agolo tòmátì sí òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi ìkan sẹ́yìn bíárìn láti ti eyín kékeré síwájú díẹ̀, ó tún kùn ún, ó tún yí i, ó tún wò ó. Ó fi òrùka kan kún un. Ó pọ̀ jù. Ó yọ ọ́, ó fi yanrìn ha á títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, bíárìn méjì tó dára ni wọ́n bá a rà wá láti Parakou. Ní ọjọ́ karùn-ún, àmì pupa náà nù ní àárín gbùngbùn eyín kọ̀ọ̀kan, Wassiou sì pariwo "Alhamdulilahi" débi pé àwọn ọlọ́kadà yà wá wò ó bóyá ọkọ̀ ti wó lù ú.

Ó da ojúlówó ọ́ìlì sí i, ó dúró de aago méjì ọ̀sán, ó wà á lọ sí Gouka, ó wà á bọ̀. Oòrùn mú bí iná. Ọkọ̀ dákẹ́. Ó ń gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ta bá abẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ aago ọwọ́ tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ sunkún. Kété tí inú dídùn náà rọlẹ̀ ni ẹ̀rù dé. Ọkọ̀ ti dára. Òrí ti wọlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ò sí mọ́ àyàfi Nimatou, ìyẹn ò sì ní tú ọkọ rẹ̀ fó. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí láéláé.

Ní ọjọ́ ọdún iṣu, ó gbé ọkọ̀ lọ sí Tchetti kí ilẹ̀ tó mọ́. Mẹ́tìrì Ilyas ti wọ agbádá funfun, ó jókòó sójú ọ̀nà, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ láàárín orúnkún. Ó ti pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ṣì lè mú kílásì dákẹ́. Ó ní Wassiou gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, òun fẹ́ fi í han àwọn ènìyàn. Rachidath di ìdarí mú, Mẹ́tìrì jókòó sí iwájú, wọ́n wá ká Wassiou bí ẹ̀wù sí àyè kékeré tó wà lẹ́yìn, orí pọ́ọ̀n gan-an. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbéra torí gbogbo Tchetti ló ń kí Mẹ́tìrì. Nígbà tí wọ́n wọ ọ̀nà erùpẹ̀ tó lọ sí Savalou, oòrùn ti ń ta.

Mẹ́tìrì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Wassiou," ó wí, "màá dìde níwájú wọn lónìí. Màá ní, ẹ wo ọkùnrin yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tàn mí jẹ rí."

Wassiou ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, kò síbi tí yóò sá sí. Òógùn bò ó. Ó rí àwọn oko kajú tó ń sá lọ lójú fèrèsé, ó ń ka wọ́n, ìkan, méjì, mẹ́ta. Ní ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo tàn yín jẹ. Òrí ni mo fi dí ìdí ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ tí ẹ rà á. N kò tún un ṣe. Èmi àti Láwàl la jọ ṣe é, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ki òrí bọ̀ ọ́."

"Rachidath," Mẹ́tìrì wí, "dúró."

Ọkọ̀ dúró. Eruku ń kọjá wọn lọ. Bàbá arúgbó náà kò yíjú padà.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Sókè."

Wassiou tún un sọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ó dìde ní kílásì. Nígbà tó parí, Mẹ́tìrì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"N kò tíì dé Gouka lọ́jọ́ náà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí hu," Mẹ́tìrì wí.

"Bàbá?" Rachidath wí.

"Gbogbo Tchetti ló ti bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n ra alùpùpù, pé wọ́n á rẹ́ mi jẹ. Mo ní èmi tí mo kàwé, ta ló máa rẹ́ mi jẹ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ tó ń hu wọ ìlú? Mo dúró sábẹ́ igi ní Gouka títí ilẹ̀ fi tutù. Ó dákẹ́, mo wọlé." Ó wúkọ́. "Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kan, a tú u, mo rí òrí. Mo ní kó dé e padà. Láti ìgbà náà, bó bá ń tán lọ, mo ń rán ìyá Rachidath lọ ra tuntun."

"Ìdí nìyẹn!" Rachidath fọwọ́ méjèèjì gbá ìdarí ọkọ̀. "Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rìn lọ́sàn-án! Ẹ ní oòrùn ń ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́! Gbogbo ìgbà ọmọdé mi, abẹ́ igi ni mo fi jókòó, tí mò ń dúró kí ilẹ̀ tutù ká lè lọ kí ìyá ìyá mi!"

"Ó ń ba ọ̀dà jẹ́ díẹ̀," Mẹ́tìrì wí.

"Mẹ́tìrì," ohùn Wassiou ti wọlẹ̀, "kí ló wá dé tí ẹ fi ń yìn mí?"

"Bí mo bá bú ọ, wọ́n á mọ̀ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á máa bi mí. Ìyìn ló rọrùn jù." Ìgbà yẹn ló tó yíjú padà. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mi ò lè ka iye ọmọ tí mo nà torí irọ́. Wọ́n wà ní Savalou báyìí, wọ́n ń retí mi." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìdí ọkọ̀. "Ọkọ̀ ti dára. O mọ̀ pé n kò ní bi ọ́ láéláé. Kí ló mú ọ sọ ọ́?"

Wassiou ronú. "Nígbà tó ń ké, Mẹ́tìrì, ó dà bí pé ó ń bá mi sọ ọ́. Ìgbà tó dákẹ́, ó ku èmi nìkan."

Rachidath ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ń tì í láti ìgbà ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Mẹ́tìrì gbìyànjú láti gbé ojú le, kò lè ṣe é. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ kékeré náà fi ń mì lójú ọ̀nà, obìnrin kan tó ru igi ìdáná sọ ọ́ kalẹ̀ láti wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, Wassiou bẹ Mẹ́tìrì pé kí ó má dárúkọ òun ní gbọ̀ngàn. Bàbá arúgbó náà ń gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ ọmọ kílásì dìde nígbà tí Mẹ́tìrì wọlé, wọ́n kí i lédè Faransé, "Bọ̀ǹjúù, Mẹ́tìrì" pọ̀ bí ìgbà láéláé. Ó gba gbohùngbohùn, ó sì sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀, òrí, Láwàl, Gouka, abẹ́ igi, ìyìn. Ó fi tirẹ̀ ṣáájú ti Wassiou. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ san pàṣán rẹ̀ padà fún òun, òun ti mú ọ̀pá wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àga wó. Wassiou jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo bàtà rẹ̀, ó ń ronú iṣẹ́ tí òun lè máa ṣe tí kò ní ọkọ̀ nínú.

Samsoudine, tó ní ọkọ̀ akérò mẹ́ta ní Savalou, ló nawọ́ sókè. "Mẹ́tìrì, ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbé ọkọ̀ mi lọ bá a torí ọ̀rọ̀ yín. Ta ni kí a máa gbé wọn lọ bá báyìí?"

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Wassiou rò pé Mẹ́tìrì á gba òun sílẹ̀. Mẹ́tìrì kàn na gbohùngbohùn sí i.

Ìrìn tó rìn láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dé iwájú gùn ju ọ̀nà Tchetti lọ. Ó di gbohùngbohùn mú bí ẹni tó di sípánà tí kò bá nọ́ọ̀tì mu.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun dákẹ́ kí ó lè rí i tà," ó wí, "kí ó wá ibòmíràn lọ. Mo ti ṣe é rí, mi ò ṣe é mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa wa ọkọ̀ tirẹ̀, Bantè ni mo wà."

Ó dá gbohùngbohùn padà, ó lọ jókòó. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́ títí ìpàdé fi tú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ti gbé ọkọ̀ akérò kan sábẹ́ igi dógóyárò kí Wassiou tó dé. Samsoudine jókòó lórí ìjókòó awakọ̀, ó na ẹsẹ̀ síta.

"Ó ń ké," ó wí. "Mi ò sì ní tà á."

Wassiou bọ́ fìlà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ní kí Samsoudine ṣáná sí i.